Fujian: Ẹ fi Quanzhou ṣe ibùdó, kí ẹ tó rin etíkun yòókù

Guangzhou ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ilẹ̀ wa mọ̀ ní Ṣáínà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń bà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọ bàálù padà sílé. Ìpínlẹ̀ Fujian ló bá Guangdong, ìpínlẹ̀ tí Guangzhou wà, pààlà ní ìhà ìlà oòrùn, ojú òkun tó kọjú sí Taiwan ló sì tẹ̀dó sí. Láti Shenzhen, ìlú tó wà nítòsí Guangzhou, rélùwéè ayára-bí-àṣá máa ń dé Xiamen ní Fujian láàárín wákàtí 3 sí 4. Ẹni tó bá ra ọjà tán tó ṣì ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́, kò sí ibi tó sún mọ́ ọn tó tún kún fún ìtàn tó bẹ́ẹ̀.

Òkè ló gba ilẹ̀ Fujian, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ṣeé dáko kéré. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fi gbójú lé òkun láti ayébáyé, tí àtọmọdọ́mọ wọn fi pọ̀ ní Malaysia, Singapore àti Philippines dòní. Àwọn ará Fujian ń gbọ́ Mandarin, èdè àjọlò Ṣáínà, ṣùgbọ́n èdè ilé ará Fuzhou, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, kò yé ará Quanzhou rárá, torí òkè ló pín wọn níyà. Bí ẹ bá ti gbọ́ gbólóhùn Mandarin díẹ̀, ó tó.

Oṣù October sí December ló dára jù láti lọ, ojú ọ̀run máa ń mọ́, ooru sì ti rọ̀. Ẹ yọ October 1 sí 7 kúrò, ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè ni, rélùwéè á kún fọ́fọ́, òtẹ́ẹ̀lì á gbówó lórí. Bákan náà ni ọdún tuntun ti Ṣáínà. July sí September ni àsìkò ìjì líle tí wọ́n ń pè ní táífúùnù. Ìjì Meranti ba Xiamen jẹ́ gidigidi ní September 15, 2016. Ti Doksuri wọ ilẹ̀ ní Jinjiang, lẹ́bàá Quanzhou, ní July 28, 2023. Bí ìjì bá ti ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dá dúró, rélùwéè á tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá lọ ní àsìkò yẹn, kó fi ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀ láàárín ìgbà tó máa kúrò ní Fujian àti ọjọ́ tí bàálù rẹ̀ máa gbé e padà sílé.

Ní ti ìwé, ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó kúrò nílé, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Britain tàbí ti Amẹ́ríkà lè lo ètò wákàtí 240 fún ẹni tó ń kọjá lọ síbòmíràn, Fujian sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé wọn lọ sí ibòmíràn tó yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti wá. Láti London sí Xiamen kí a sì padà sí London kò bá òfin náà mu. Láti London sí Xiamen, kí a wá ti ibẹ̀ gba Hong Kong lọ, ìyẹn bá a mu. Òtẹ́ẹ̀lì ló máa fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tó bá dé sílé ọ̀rẹ́ ni yóò fúnra rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú ẹni tó gbà á sílé.

Kò wọ́pọ̀ mọ́ kí wọ́n máa gba owó bébà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Fóònù ni wọ́n fi ń sanwó, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta kúkúndùnkún sísun lójú títì. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti fi Alipay àti WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó, sórí fóònù, kí ẹ fi ìwé ìrìnnà yín fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ so káàdì Visa tàbí Mastercard mọ́ ọn. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ilé ni pé báńkì yín lè fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí síìmù tí ẹ ti yọ. Owó tí kò bá tó 200 yuan kì í ní àfikún. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gba ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. WhatsApp, Google àti Facebook kì í ṣiṣẹ́ lórí síìmù Ṣáínà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí síìmù ilẹ̀ òkèèrè tàbí eSIM tí ẹ rà sílẹ̀. Fún máàpù, Amap ni kí ẹ lò. Ti Google kò péye níbẹ̀. Bí ẹ bá máa wọ bàálù láàárín Ṣáínà, ẹ wo páwà báńkì yín dáadáa: láti June 28, 2025, èyí tí kò bá ní àmì 3C, àmì ìfọwọ́sí ààbò ti Ṣáínà, lára, wọ́n á gbà á sílẹ̀ ní pápákọ̀.

Ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ rélùwéè ló ń da àlejò láàmú jù. Ojú irin tuntun tó lọ láti Fuzhou sí Xiamen ṣí ní September 28, 2023. Ó gùn ní 277 km, ó ń gba orí òkun kọjá ní àwọn ibì kan, eré rẹ̀ sì tó 350 km láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n kì í dúró ní ibùdókọ̀ Quanzhou tàbí Xiamen tó ti wà tẹ́lẹ̀. Quanzhou East, Quanzhou South àti Xiamen North ló ń yà sí. Xiamen North kò sí lórí erékùṣù tí ìgboro Xiamen wà. Métírò 1 ni ẹ máa wọ̀ dé ibẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí kan. Áàpù 12306 ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ 15 ṣáájú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ìwé ìrìnnà yín fúnra rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà kò bá kà á, ẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ dúró sí. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, torí wọ́n máa yẹ ẹrù wò, wọ́n sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó ṣí.

Xiamen ni gbogbo èèyàn máa ń sá lọ bá, àwa kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹ sùn síbẹ̀ ju alẹ́ kan lọ. Quanzhou wà láàárín Fuzhou àti Xiamen, rélùwéè sí ìhà méjèèjì yá, ìlú náà fúnra rẹ̀ sì ni ọkàn Fujian. Láyé ìdílé ọba Song àti Yuan (bíi 960 sí 1368), ó wà lára àwọn èbúté tó tóbi jù láyé. Zaytun ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco tó dé Mali ní 1352, ti kọ́kọ́ gba Zaytun wọ Ṣáínà. Ní 2021, UNESCO kọ ibi 22 ní Quanzhou sínú ìwé ogún àgbáyé.

Mọ́ṣáláṣí Qingjing ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1009 ni wọ́n kọ́ ọ, òkúta gbígbẹ́ ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Lárúbáwá sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fín sára ògiri. Kò jìnnà sí ojúbọ Guandi, ọ̀gágun àtijọ́ tí wọ́n sọ di òrìṣà, tí èéfín tùràrí kì í dá lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ sì lè gbé yín láti ibẹ̀ dé tẹ́ńpìlì Kaiyuan, tó ti wà láti 686. Ilé gogoro olókùúta méjì inú Kaiyuan ga ju mítà 40 lọ. Ẹ má kàn ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ lọ: nínú ọgbà yẹn ni wọ́n kó ọkọ̀ òkun ayé Song kan sí, èyí tí wọ́n hú jáde nínú ẹrẹ̀ èbúté Houzhu ní 1974 pẹ̀lú igi olóòórùn dídùn tó kún inú rẹ̀. Ẹ ó rí bí wọ́n ṣe fi pákó pín inú ọkọ̀ náà sí yàrá yàrá, kí omi tó bá wọ ọ̀kan má baà rì í.

Afárá Luoyang wà lẹ́yìn ìgboro, ó sì tọ́ kí ẹ fi ìdajì ọjọ́ sílẹ̀ fún un. 1053 sí 1059 ni wọ́n kọ́ ọ, Cai Xiang tó jẹ́ alákòóso ìlú ló darí iṣẹ́ náà. Ẹnu ibi tí odò ti ń wọ òkun ló wà, omi ibẹ̀ le, òpó lásán kò lè dúró. Wọ́n da òkúta sí ìsàlẹ̀ odò láti etí kan dé èkejì, wọ́n to òpó lé e, wọ́n ṣe ojú òpó ṣóńṣó bí iwájú ọkọ̀ kó lè la omi. Wọ́n wá sin oyster, ẹran òkun oníkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta, sí gbogbo ìdí rẹ̀. Ìkarahun rẹ̀ ló di gbogbo òkúta náà mọ́ra wọn. Ẹ lọ nígbà tí omi òkun bá fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á bo gbogbo ohun tí ẹ wá wò. Ní abúlé Xunpu, ìkarahun oyster yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ ògiri ilé, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ń fi òdòdó tútù yí ìdì irun wọn ká. Wọ́n máa ń ṣe irun náà fún àlejò. Ẹ béèrè bóyá owó aṣọ àti fọ́tò wà nínú iye tí wọ́n dá.

Gulangyu, erékùṣù kékeré tó wà lójúkojú Xiamen, dára fún ilé àtijọ́ àwọn òyìnbó, kò sì sí mọ́tò níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn lọ sí èbúté Lundu ní ọ̀sán. Ti ará ìlú nìyẹn; èbúté Dongdu ni àlejò ti ń wọkọ̀ lójú mọmọ, ìṣẹ́jú 20 ni, bíi 35 yuan sì ni àlọ àti àbọ̀. Iye èèyàn tó lè wọ̀ lóòjọ́ ní òdiwọ̀n, nítorí náà ẹ ra ti àárọ̀ kùtù sílẹ̀. Ẹ má gbé àpótí ńlá dání, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àtẹ̀gùn ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe kúrò ní Fujian láì dé ibi àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n ń pè ní tulou, tí UNESCO kọ 46 nínú wọn sílẹ̀ ní 2008. Agbo ilé ni, bíi tiwa, àmọ́ ti wọn ga tó àjà mẹ́ta sí márùn-ún, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn sì ní, nítorí àwọn olè. Amọ̀, iyanrìn àti ẹfun ni wọ́n gún pọ̀ sínú ògiri, pẹ̀lú ọparun pẹlẹbẹ láàárín tó ń dì í mú. Kò sí fèrèsé ní ìsàlẹ̀. Ẹbí kọ̀ọ̀kan kì í gba àjà kan. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n ń gbà: ilé ìdáná nísàlẹ̀, àká oúnjẹ lókè rẹ̀, yàrá ìsùn lókè pátápátá. Èèyàn ṣì ń gbé inú púpọ̀ nínú wọn, ẹ má gun àtẹ̀gùn láì tọrọ ààyè.

Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ yan ọ̀kan. Ní Nanjing ni Tianluokeng wà, ilé róbótó mẹ́ta àti ọ̀kan tó rí bí ẹyin, tí wọ́n yí onígun mẹ́rin kan ká, àti Yuchanglou ti 1308 tí àwọn òpó inú rẹ̀ ti wọ́. Ní Yongding ni Chengqilou wà, òbírípo mẹ́rin tó wà nínú ara wọn, yàrá rẹ̀ lé ní 300. Ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì lọ́jọ́ kan yóò lo ọjọ́ náà tán lójú pópó. Kí ẹ sì ṣọ́ra lórí áàpù rélùwéè: Nanjing tí à ń wí yìí, 南靖 ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìlú ńlá Nanjing tó wà lápá àríwá, nítòsí Shanghai, 南京 ni tirẹ̀. Lẹ́tà òyìnbó wọn dọ́gba, ìrìn wọn jìnnà síra.

Oúnjẹ ibẹ̀ kò láta, ó tilẹ̀ máa ń dùn bíi ṣúgà díẹ̀. Ẹ mú ata gígún dání. Núdù shacha ti Xiamen ní ẹ̀pà àti edé nínú ọbẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà kíyè sí i. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú ẹja lílọ̀ tí wọ́n ṣe róbótó ti Fuzhou. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ oúnjẹ halal, kó máa wo àmì 清真 lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ. Ẹ wá pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi atalẹ̀ sè nínú ìkòkò amọ̀ ní Quanzhou, kò sóhun tó dà bí i ní àsìkò òtútù.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tíì Tieguanyin ti Anxi, ẹ jẹ́ kí wọ́n pò ó kí ẹ tọ́ ọ wò, torí adùn tó dára kì í tán lẹ́yìn ìgbà kẹta tí wọ́n bá da omi gbígbóná sí ewé kan náà. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó: jin kan jẹ́ gíráàmù 500, liang kan jẹ́ 50. Ẹni tó sọ pé 300 yuan ni láì dárúkọ òṣùwọ̀n lè máa sọ̀rọ̀ liang nígbà tí ẹ̀yin ń ro jin.