Ẹ̀yin Àbúrò Mi Tí Ẹ Ń Ṣòwò Futures, Ẹ Má Bá Ọjà Jiyàn

Láti ìgbà tí iye owó kòkó ti ń já wálẹ̀ lọ́dún 2025 ni àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń tọ́ sọ́nà nínú òwò futures, ìyẹn àdéhùn láti ra ọjà tàbí tà á lọ́jọ́ iwájú ní iye tí a fẹnu kò sí lónìí, ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì wálẹ̀ tó, ká rà?" Mo ti rí ibi tí irú ìbéèrè yẹn ń gbé ènìyàn dé. Ẹ mọ ohun tí margin jẹ́, ìyẹn owó ìdúró tí broker, alágbàtà yín, ń gbà kó tó jẹ́ kí ẹ ṣòwò, ẹ sì mọ̀ pé tọ́ọ̀nù 10 ni àdéhùn kòkó kan ní New York, nítorí náà n kò ní padà sórí ìyẹn.

Èkíní, kí ẹ tó wọlé, ẹ mọ iye tí ẹ máa pàdánù bí ọjà bá kọ̀ fún yín. Lọ́dún 1983, Richard Dennis ní Chicago kó àwọn kan jọ tí ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe iṣẹ́ yìí rí, ó sì fi òfin kọ́ wọn: bí iye ọjà bá ga ju gbogbo èyí tó dé láàárín 20 ọjọ́ lọ, ẹ rà, bó bá já kọjá ibi tó kéré jù láàárín ọjọ́ 10, ẹ jáde. Ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé kọ́ ni mo kà sí pàtàkì jù níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọn ẹrù ni, ìyẹn iye àdéhùn tí wọ́n máa gbé. Bí kòkó bá ń fi 50 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan lọ sókè sódò lójúmọ́, tí ẹ fi stop, àṣẹ tó ń mú yín jáde bí ọjà bá dé iye kan, sí ibi tó jìn sí iye tí ẹ fi wọlé ní ìlọ́po méjì rẹ̀, 1,000 dọ́là ni ẹ máa pàdánù lórí àdéhùn kan. Ẹni tó ní 100,000 dọ́là lè gbé ìyẹn. Nígbà tó bá di 500 dọ́là lójúmọ́, àdéhùn kan ṣoṣo náà ti di ewu 10,000 dọ́là, kí ẹni yẹn yáa fi í sílẹ̀.

Èkejì ni pé kí ẹ má bá ọjà jiyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kòkó wà ní nǹkan bí 2,600 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà nígbà náà. Òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ ní ká rà, a sì rà. Ó ń gòkè, a ń sún stop tẹ̀lé e. Ní oṣù kejì 2024, ó kọjá iye tó ga jù, tí kò tíì sí ohun tó kọjá rẹ̀ láti 1977. Ọ̀gá wa pè mí. Ó mọ̀ pé ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mí. Ó ní pẹ̀lú irú owó yìí, ṣé àwọn àgbẹ̀ kò ní tú kòkó síta ni?

Mo ní igi kòkó ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Mo ní Ghana àti Côte d'Ivoire ló ń mú ju ìdajì kòkó ayé wá, ìjọba ibẹ̀ ló sì ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, wọ́n ti ta púpọ̀ nínú ìkórè kó tó délẹ̀, nítorí náà owó New York kò tíì dé oko. Àrùn tó ń mú ẹ̀ka igi wú ti ń pa oko run. Mo wá sọ fún un pé bí n kò bá tilẹ̀ mọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, òfin ṣì ní ká dúró.

Ó ta gbogbo rẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún ta èyí tí a kò ní, kó lè rà á padà lówó pọ́ọ́kú bí ọjà bá já, ó ní irú iye bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́. Lópin oṣù kẹta, kòkó ti kọjá 10,000. Ìgbàkígbà tí ọjà bá fẹ́ kan stop rẹ̀, á tún gbé e sókè. Broker ń béèrè margin lórí margin. Nígbà tó fi máa jáde, iye ọjà ti lé ní 11,000, ohun tí a ti jèrè ti lọ, a sì ti kan owó àwọn oníbàárà. Kò pẹ́ sí i, kí oṣù kẹrin tó parí, ni kòkó já ju 1,000 dọ́là lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá yọ̀, ó ní òun kúkú sọ. Nínú ìwé tó kọ sí àwọn oníbàárà, òfin mi ló dá lẹ́bi.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ gbọ́. Bí ọjà bá padà já, kò ṣe ẹni tí owó rẹ̀ ti tán láǹfààní kankan. Ẹni tó ń tẹ̀lé ọjà á pàdánù díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìrìn gígùn kan ló sì máa san gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ ò lè mọ èyí tó máa jẹ́ ìrìn náà ṣáájú. Tí ẹ bá gé e kúrò láàárín ọ̀nà, àwọn àdánù kékeré yẹn nìkan lẹ ti san.

Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé stop jù. Kò ṣèlérí iye kankan. Iye tó bá bá nílẹ̀ ló máa tà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2020, àdéhùn oṣù karùn-ún fún WTI, epo rọ̀bì Amẹ́ríkà, parí ọjọ́ ní òdo dín 37.63 dọ́là, nígbà tó ku ọ̀la kí àdéhùn náà kásẹ̀ nílẹ̀, nígbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè tí wọ́n máa tọ́jú epo sí mọ́ ní Cushing, ìlú ní Oklahoma tí wọ́n ti ń gba epo náà. Ẹ máa kúrò nínú àdéhùn kó tó di ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí àdánù òun máa dé dájú, kó ra option, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti rà tàbí tà ní iye kan láìjẹ́ dandan: iye tó san ni gbogbo ohun tó lè lọ. Ẹ rà á nígbà tí ọjà bá ṣì dákẹ́, torí ó máa ń wọ́n gan-an tí ọjà bá ti ń fò.