Dísẹ́ẹ̀lì tàbí bẹntiróòlù nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì asáré: ẹ̀kọ́ tí ọdún méje kọ́ mi

Ọdún mẹ́rin ni mo fi wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì kí n tó pààrọ̀ rẹ̀ sí òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí ilé iṣẹ́ kan náà ṣe, ṣùgbọ́n tó ń lo bẹntiróòlù. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi. Ìjókòó inú wọn kò yàtọ̀, táyà wọn kò yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra, síbẹ̀ ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbáà ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tó ń wà wọ́n. Àwọn tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bi mí pé èwo ló dára jù, ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí, pàápàá ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé mo jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe ìpinnu fún mi. Nọ́ńbà náà ni tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ọ̀pá inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ BMW méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Tọ́ọ̀kì 335d tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ní nǹkan bí ọdún 2007, jẹ́ 580 Nm (Nm ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì), nígbà tí ti 335i tó ń lo bẹntiróòlù jẹ́ 400 Nm. Ẹni tó bá wo èyí nìkan yóò rò pé 335d yóò fi ìkejì rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, bẹ́ẹ̀ 335i ló máa ń ṣáájú díẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá gbéra láti ojú kan títí wọ́n fi dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Ó pẹ́ kí n tó lóye ìdí rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kì í lè yí kánkán bí ti bẹntiróòlù: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dé òpin ní nǹkan bí 5,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ti bẹntiróòlù lè dé 7,000. Kí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó lè bá èkejì sá eré kan náà nínú gíà kan náà, wọ́n ní láti to gíà rẹ̀ lọ́nà tí táyà yóò fi yí púpọ̀ sí i fún ìyípo ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, ìtò yìí sì ń jẹ nínú tọ́ọ̀kì kó tó dé ẹsẹ̀ táyà. Agbára ẹṣin, tó ka tọ́ọ̀kì àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kánkán tó pọ̀, ló sún mọ́ òtítọ́ jù, ibẹ̀ sì ni 335i ti ní 306 nígbà tí 335d ní 286.

Ìdí tí dísẹ́ẹ̀lì kì í fi yí kánkán wà nínú ọ̀nà tó ń gbà jó epo. Ìlànà tí Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897 kò tíì yí padà: afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ń tẹ̀ mọ́ra, títí yóò fi gbóná débi pé epo tí wọ́n bá fín sínú rẹ̀ yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí pílọ́ọ̀gì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì òde òní, wọ́n ń tẹ afẹ́fẹ́ náà títí yóò fi kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 16 ààyè tó gbà tẹ́lẹ̀, ti bẹntiróòlù sì sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú 9 sí 12. Irin tí yóò gba irú ìtẹ̀mọ́ra bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, irin tó nípọn a máa wúwo, iwájú ọkọ̀ ni ìwúwo náà sì máa ń jókòó sí. Mo mọ̀ ọ́n lára gbogbo ìgbà tí mo bá wọ kọ́nà: ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì mi máa ń ronú díẹ̀ kí imú rẹ̀ tó yí, èyí tí mo ń wà nísinsìnyí kì í ronú rárá.

Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ dísẹ́ẹ̀lì dù ú lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá kan sílẹ̀, mo kàn ń fẹsẹ̀ kan iná ni, kò sì sí pé gíà ń yí tàbí pé ẹ́ńjìnnì ń ké, nítorí gbogbo agbára rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí 1,750 ìyípo. Ó máa ń tù mí lára lẹ́yìn ìrìn wákàtí mẹ́rin. Ti bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí èèyàn bá òun ṣeré: mo ń tẹ iná, ohùn rẹ̀ ń gòkè, agbára rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i títí dé òkè pátápátá. Bí mo bá sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná ṣáájú kọ́nà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, nítorí pé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ti pa dé, ohun tí ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yìí kò sí nínú ìwé kankan tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ fi lé mi lọ́wọ́, òun gan-an ló sì mú kí n fẹ́ràn ọkọ̀ kejì.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé dísẹ́ẹ̀lì kò lè sáré, kó rántí pé BMW 320d kan gba ipò kìíní nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti Nürburgring, pápá eré ọkọ̀ kan ní Jámánì, ní 1998, àti pé Audi R10 TDI ni ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ tó borí nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 2006, tó sì tún borí ní 2007 àti 2008. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìdíje tí wọ́n jẹ́. Ọjọ́ kan àti òru kan ni wọ́n fi ń sáré láìsinmi, ẹ́ńjìnnì gbóná látòkè délẹ̀, epo tí kì í tètè tán sì wúlò gan-an.

Ìgbóná yẹn ni èmi kò fún ọkọ̀ mi, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù. Ní ọdún kẹta, mo kó lọ sí ilé tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi, ìrìn-àjò mi lójúmọ́ sì di ìṣẹ́jú mẹ́wàá àlọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá àbọ̀. Àwọn ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì òde òní ní asẹ́ kan nínú páìpù èéfín tó ń gba èérí dúdú inú èéfín dúró. Bí asẹ́ náà bá ń kún, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a máa fín epo sí i láti mú kó gbóná dé nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius, kí èérí náà lè jóná di eérú. Iṣẹ́ yìí ń gba àkókò, kò sì lè parí bí mo bá ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà gbogbo kó tó gbóná. Iná kan tàn ní dáṣíbọọ̀dù, mo rí i, mo sì wà á lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mẹkáníìkì mi fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì ti ga ju ibi tó yẹ lọ, kì í ṣe pé ó dín. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán ló ti ṣàn wọ inú rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di omi tí kò lè dáàbò bo irin mọ́. Ó ní ká ní mo ti wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ tí iná náà kọ́kọ́ tàn ni, ìbá ti tán síbẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n tú asẹ́ náà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní àbùkù kankan. Èmi ni mo gbé e sí ibi tí wọn kò ṣe é fún.

Bẹntiróòlù náà ní àìsàn tirẹ̀. Ó ń mu epo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí pé agbára tó wà nínú lítà dísẹ́ẹ̀lì kan fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ ju ti bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì tún mọ epo í ṣọ́ lò. Àwọn tí wọ́n ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó, a tún máa di èérí mọ́ fáàfù wọn, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bí ọjọ́ ṣe ń lọ, kò sì sí epo tó ń ṣàn kọjá láti fọ̀ ọ́.

Ó yẹ kí n fi kún un pé láti 2015, nígbà tí àṣírí tú pé Volkswagen fi kọ̀ǹpútà tan àwọn tó ń yẹ èéfín dísẹ́ẹ̀lì wò, ọ̀nà ti ń há fún irú ọkọ̀ yìí. Porsche kéde ní 2018 pé òun kò ṣe dísẹ́ẹ̀lì mọ́, àwọn ìlú kan ní Yúróòpù kò sì jẹ́ kí èyí tó ti pẹ́ wọ àárín ìgboro wọn. Nítorí náà, ọkọ̀ àlòkù ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó bá fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì asáré yóò rà.

Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ mọ̀ pé ó tutù, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde, kí ẹ sì wò ó bóyá ó ga jù. Ẹ bi onítọ̀hún léèrè bí ọ̀nà tó ń rìn lójúmọ́ ṣe gùn tó, kí ẹ sì bá a wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà márosẹ̀ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, kì í ṣe káàkiri àdúgbò.