Ọkọ̀ tó mọ̀nà jù wá lọ

Àwa mẹ́ta ni a lọ wo bọ́ọ̀sì HiAce àlòkù tí ẹgbẹ́ olórin wa fẹ́ rà lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, a sì padà sí Adó kí oòrùn tó kàntàrí láìra ohunkóhun. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí bàbá fọganáísà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Ó rò pé a kò gbọ́: “Ọkọ̀ yìí ti mọ̀nà ju àwọn tó fẹ́ rà á lọ.”

Òtítọ́ ni, nítorí HiAce tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé èrò ti rí ọ̀nà ju àwa olórin tí a kì í sábà kọjá Àkúrẹ́ àti Iléṣà. Àmọ́ ṣé ó ń yìn ín ni, àbí ó ń kìlọ̀ fún wa? Ẹ̀rín ni mo rín níbẹ̀. Kí a tó délé, ó ti ń bí mi nínú.

Ẹni tó ń tà á ní òun kò tíì tan án láti àná. Abẹ́ àga iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, nítorí náà mo ní kí a gbé àga náà sókè, mo sì fọwọ́ kan irin rẹ̀: ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ta ni í jí mú ọkọ̀ gbóná de oníbàárà, bí kì í bá ṣe ẹni tó mọ̀ pé kì í fẹ́ jí láàárọ̀? Mẹkáníìkì wa kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí. Èéfín rẹ̀ ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, irin ìdí ilẹ̀kùn ti dógùn-ún níbi tí òjò ń gbà wọlé, ibẹ̀ gan-an ni à bá sì máa to ìlù sí. Omi kì í bá awọ gángan ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ohun tí omi fojú ìlù wa rí ní Ọ̀mùò kò ní bi mí léèrè.

Síbẹ̀, ọkọ̀ náà wù mí. Àyè wà fún sípíkà méjèèjì àti jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé jìtá lé itan dé òde ìnáwó, mo sì ti ń fọkàn ṣírò iye tí àtúnṣe ẹ́ńjìnnì yóò jẹ́, bí ẹni pé a ti ná an tán...

Iyán tí wọ́n gbé fún mi ti tutù.

Ó mọ̀nà, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkè Èfọ̀n-Aláayè lóru, pẹ̀lú ẹni mẹ́jọ àti ẹrù kíkún, ńkọ́? Bóyá ohun tí bàbá yẹn ń sọ ni pé ọ̀nà ti jẹ ẹ́ tán. Ó sì lè jẹ́ pé àwàdà lásán ló ń bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tí èmi wá sọ ọ́ di Ifá.

Ẹni tó ń tà á ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbé e. Ó jọ pé n ó padà lọ lọ́la, kí n lè bi bàbá náà léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Bí mo bá sì dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀, n ó tún fọwọ́ kan irin abẹ́ àga yẹn.