Ọwọ́ Kan Náà Létí Tábìlì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò rọ̀ láàárọ̀, títì sì pa rọ́rọ́. Mo tètè dé ibi tí a ti ń gbá sínúkà, eré bọ́ọ̀lù orí tábìlì, ní Mọ́kọ́lá, kí n lè rí tábìlì lò kí èrò tó dé. Bank shot ni mo ń kọ́: kí bọ́ọ̀lù tí mo fẹ́ kọ́kọ́ lu rọ́bà etí tábìlì, kó ta padà, kó tó wọ ihò. Èyí tí bọ́ọ̀lù funfun, tí à ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù, fúnra rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ lu rọ́bà yàtọ̀. Ìyẹn ni Efren Reyes, ògbóǹtarìgì nínú eré yìí, ará Philippines, fi sọ ara rẹ̀ di àwòyanu. Èmi ò tíì débẹ̀.

Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le. Bí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ rọ́bà, tí ihò igun tí mo fẹ́ sì wà ní ìhà kan náà, màá pín àárín àwọn méjèèjì sí ọgbọọgba, màá wá wo ibi tó dojú kọ ìdajì yẹn ní etí òdìkejì. Ibẹ̀ ni mò ń darí bọ́ọ̀lù sí. Tábìlì àwọn ará Amẹ́ríkà ní àmì lára igi etí rẹ̀, mẹ́ta láàárín ihò kan sí èkejì, téèyàn lè máa kà. Èyí tí à ń lò kò ní. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé igi níbẹ̀, kí ojú mi lè di nǹkan mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Mo gbá a pẹ̀lẹ́ sí ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀kì: bọ́ọ̀lù ta padà, ó fẹ̀, ó ré ihò kọjá. Mo dá a padà sójú kan náà, mo gbá a líle sí ọ̀kánkán ṣọ́ọ̀kì kan náà: ó kúrú, kò dé ihò tó fi lu rọ́bà. Èyí tí a gbá pẹ̀lẹ́ ti ń yí kó tó kan rọ́bà. Bó ti ta padà, yíyí yẹn ṣì ń fà á sẹ́yìn, kì í jẹ́ kó tètè kúrò létí ibẹ̀, ló ṣe ń fẹ̀. Èyí tí a gbá líle ń yọ̀ lórí aṣọ tábìlì ni, kò tíì máa yí, ó sì tún tẹ rọ́bà wọnú, ló ṣe ń kúrú. Coriolis, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ti fi ìṣirò tú ìrìn bọ́ọ̀lù orí tábìlì palẹ̀ láti ọdún 1835. Inú mi dùn gan-an pé ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó tì ni mò ń fojú ara mi rí ní Mọ́kọ́lá.

Ẹ̀gbọ́n tó ni tábìlì ń wò mí láti ìdí ẹnu ọ̀nà.

“Àbúrò, ọwọ́ kan náà ni kó o máa fi gbá a. Bó o bá ń gbá a líle, tó o tún ń gbá a pẹ̀lẹ́, kí lo fẹ́ fi mọ ibi tó ń lọ?”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tún un gbá lójú yín.”

Wọ́n dìde wá dúró tì mí. Mo wá mú agbára kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù kò bá tiẹ̀ wọlé, kò ní jìnnà sẹ́nu ihò. Òjò ti jẹ́ kí aṣọ tábìlì rin díẹ̀, gbogbo bọ́ọ̀lù ń lọ́ra, nítorí náà mo fi díẹ̀ kún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, àmọ́ ó ń wọlé, ìró rẹ̀ nínú ihò sì ń dùn mọ́ mi ju ti èyí tí mo gbá tààrà lọ.

Èyí tó kù ni tẹ̀gbẹ́. Bí bọ́ọ̀lù funfun bá fẹ̀gbẹ́ kan èkejì, ó ń mú un pòòyì, rọ́bà á sì gba pípòòyì yẹn, á gbé e gba ibòmíràn. Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, àwọn á fi hàn mí. Màá lọ.