DVD sí Kọ̀ǹpútà, Kọ̀ǹpútà sí DVD: Ẹ Fún Fídíò Pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Péré

Ohun tó máa ń ba fídíò DVD jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣàtúnṣe rẹ̀ kì í sábà jẹ́ dísìkì tó ti gbó. Ìfúnpọ̀ léraléra ni, ìyẹn kí wọ́n máa dín ìwọ̀n fídíò kù kó lè gba àyè díẹ̀. Èèyàn á yọ fídíò náà, á kọ́kọ́ sọ ọ́ di MP4. Ètò tó fi ń gé e á tún un fún pọ̀ nígbà tó bá ń gbé e jáde. Ètò tó ń kọ ọ́ sórí dísìkì á tún sọ MP4 yẹn padà di MPEG-2, torí ohun tí DVD mọ̀ nìyẹn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti fún un pọ̀ yẹn, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti ṣe kó tó dé orí dísìkì rárá. Kò sí bí àwòrán kò ṣe ní fọ́ sí búlọ́ọ̀kù kéékèèké níbi tí èèyàn bá ti ń jó tàbí tó ń sáré. Ẹ da fídíò náà kọ bó ṣe wà, ẹ gé e, kí ẹ sì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìparí iṣẹ́.

Bí ẹ bá ṣí dísìkì náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí VIDEO_TS, bóyá AUDIO_TS náà. AUDIO_TS sábà máa ń ṣófo, ẹ má dààmú, kò sí ohùn tó sọnù. Inú VIDEO_TS ni gbogbo ọjà wà. VOB ló gbé àwòrán àti ohùn pa pọ̀, IFO ló ń júwe ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀rọ, BUP sì jẹ́ ẹ̀dà IFO tí wọ́n fi pa mọ́ de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́. VTS_01_0.VOB kì í ṣe fídíò, mẹ́nù ni. Fídíò gan-an bẹ̀rẹ̀ láti VTS_01_1.VOB, òmíràn á sì tẹ̀ lé e, torí pé VOB kan kì í ju 1 GB lọ. Ibi tí ọ̀kan parí sí lè jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń sọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí ẹ máa fa VOB kọ̀ọ̀kan sínú ètò ìgéfídíò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohùn á já níbi ìsopọ̀.

Dísìkì kékeré oní 8 cm tí àwọn kámẹ́rà kan ń lò ní ìṣòro tirẹ̀. Ó ń gba 1.4 GB, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé ó ṣófo nígbà tí ẹ mọ̀ pé fídíò wà lórí rẹ̀, wọn ò tíì ṣe Finalize fún un ni, ìyẹn pípa dísìkì dé kí ẹ̀rọ mìíràn lè kà á. Ẹ dá a padà sínú kámẹ́rà tó gbà á, ẹ so kámẹ́rà mọ́ iná (kì í ṣe bátìrì, torí bó bá kú láàárín, ó lè di ìṣòro ńlá), kí ẹ wá ṣe Finalize látinú mẹ́nù rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí DVD_RTAV dípò VIDEO_TS, fídíò yín wà nínú VR_MOVIE.VRO. MPEG-2 náà ni. Ẹ má ṣe ti dísìkì 8 cm sínú ẹ̀rọ tó ń gbé dísìkì mì láti ẹnu tóóró, yíyọ rẹ̀ kì í ṣe eré.

Fún dídà á kọ, ètò MakeMKV ló rọrùn jù. Ó ń ka IFO, ó ń so VOB pọ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ń gbé wọn sínú fáìlì MKV láì fọwọ́ kan àwòrán. HandBrake dáa fún iṣẹ́ mìíràn, àmọ́ kì í ṣe níbí, torí pé kò lè ṣe kó má fún fídíò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lè so VOB pọ̀ báyìí lórí Linux tàbí Mac:

cat VTS_01_[1-9].VOB > gbogbo.vob

Lórí Windows:

copy /b VTS_01_1.VOB+VTS_01_2.VOB+VTS_01_3.VOB gbogbo.vob

Lẹ́yìn náà, kí ffmpeg, ètò tí wọ́n ń fi àṣẹ tí a tẹ̀ darí, tún àkókò rẹ̀ tò:

ffmpeg -fflags +genpts -i gbogbo.vob -map 0:v -map 0:a -c copy odidi.mkv

"-c copy" ni kókó ibẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ffmpeg á fún un pọ̀ láì béèrè. Bí ẹ bá fo títún àkókò tò, ètò ìgéfídíò lè sọ pé fídíò wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, tàbí kí ohùn máa sáré ṣáájú ẹnu.

Bí ẹ̀rọ bá ń hàn gooro tí kò sì tẹ̀ síwájú, ẹ yọ dísìkì náà. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí kò ní fọ́nrán nù ún láti àárín lọ sí etí, ní ìlà tààrà. Ẹ má ṣe nù ún yípo: àmì tó bá yípo máa ń tẹ̀ lé ojú ọ̀nà tí wọ́n kọ fídíò sí, ẹ̀rọ kò sì ní lè tún un ṣe bó ṣe lè tún èyí tó kàn gba ibẹ̀ kọjá ṣe. Bí kò bá ṣì kà á, ddrescue lọ̀rọ̀ kàn, ètò tó ń kó ohun tó bá ṣì ṣeé kà lórí dísìkì tó bàjẹ́:

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 disiki.iso disiki.map
ddrescue -d -r3 -b 2048 /dev/sr0 disiki.iso disiki.map

Ti àkọ́kọ́ á kó gbogbo ibi tó bá rọrùn sínú ISO, ìyẹn fáìlì kan tó jẹ́ ẹ̀dà odidi dísìkì, á fo ibi tó le. Ti ìkejì á padà sí ibi tó kù, á gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i. Fáìlì map yẹn ló ń rántí ibi tó dé, nítorí náà ẹ lè gbé dísìkì náà lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn kí iṣẹ́ sì máa bá a lọ. Èyí tí ẹ̀rọ kan kò rí kà, òmíràn lè kà á.

Gbogbo èyí jẹ́ ti fídíò tó jẹ́ tiyín. Dísìkì fíìmù tí wọ́n ń tà sábà máa ń ní títì tí wọ́n ń pè ní CSS, òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò sì fọwọ́ sí kí ẹ tú u.

Ká wá dé ibi gígé. Kí ẹ tó fa fáìlì sórí tábìlì iṣẹ́, ẹ wo irú èyí tó jẹ́ nínú ìlànà tẹlifíṣọ̀n méjì, PAL àti NTSC. PAL jẹ́ 720×576, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NTSC jẹ́ 720×480, férémù 29.97. Ètò iṣẹ́ yín gbọ́dọ̀ bá a mu. Ẹ má sọ PAL di NTSC láìnídìí. Ìwọ̀n ojú àwòrán náà ń tan èèyàn jẹ: 720×576 kan náà lè jẹ́ 4:3, ó sì lè jẹ́ 16:9, àmì kan nínú fáìlì ló ń sọ èyí tó jẹ́. Bí àwọn èèyàn inú fídíò bá ṣàdéédéé sanra tàbí tí wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́, àmì yẹn ni ètò yín kò kà.

Èyí tó ń yọ èèyàn lẹ́nu jù ni ìlà. Férémù kan nínú fídíò tí kámẹ́rà àtijọ́ gbà kì í ṣe àwòrán kan. Ìdajì méjì ni, ìlà 1, 3, 5 nínú ọ̀kan, ìlà 2, 4, 6 nínú èkejì, wọ́n sì fi ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá jìnnà síra ní PAL. Lójú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ tó bá ń jù á ní etí bí eyín òòyà. Ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ DVD lẹ ń dá a padà sí, ẹ má ṣe po ìdajì méjèèjì pọ̀, tẹlifíṣọ̀n á tò wọ́n bó ṣe yẹ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀dà kan sórí fóònù ni kí ẹ lo bwdif tàbí yadif nínú ffmpeg láti po wọ́n pọ̀. Èyí tó burú ju eyín òòyà lọ ni kí ìdajì kejì ṣáájú èkíní: ẹni tó ń rìn á máa lọ síwájú, á fà sẹ́yìn, ní gbogbo férémù. DVD sábà máa ń fi ìlà òkè ṣáájú, fídíò DV, ti kámẹ́rà onítéèpù, sì ń fi ti ìsàlẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá po méjèèjì pọ̀ nínú iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ sọ fún ètò rẹ̀ èwo ni èwo.

Bí àwòrán bá jáde tí ohùn kò jáde, AC-3, irú ohùn tí DVD sábà máa ń lò, ni ètò yín kò gbọ́. Ẹ yí ohùn nìkan padà:

ffmpeg -i odidi.mkv -map 0:v -map 0:a -c:v copy -c:a pcm_s16le odidi.mov

Bó bá jẹ́ pé orí àti ìdí fídíò nìkan lẹ fẹ́ gé, ẹ kò nílò ìfúnpọ̀ rárá. Ẹ lo Avidemux, kí àwòrán àti ohùn wà ní Copy. Àmọ́ kò sí bí ẹ ṣe lè gé e níbi tó bá wù yín: férémù tó pé odidi kì í wá léraléra, ó lè tó 15 kí òmíràn tó dé ní PAL, àwọn tó wà láàárín ń gbára lé e. Nítorí náà gígé lè fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí n ba wákàtí méjì jẹ́ nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde, ìṣirò kan wà tó yẹ kó wà lórí yín: ẹ fi iye ìṣẹ́jú pín 600, Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tí 4.7 GB lè gbà nìyẹn, àwòrán àti ohùn lápapọ̀. Ìṣẹ́jú 120 jẹ́ 5. Ìṣẹ́jú 90 jẹ́ 6.6, ẹ yọ 0.2 fún ohùn, kí ẹ fún àwòrán ní 6.4. Ìṣẹ́jú 60 á fún yín ní 10, àmọ́ ẹ má kọjá 8: èyí tó pọ̀ jù tí DVD gbà jẹ́ 9.8 fún àwòrán, ẹ̀rọ àtijọ́ sì máa ń há bó bá ti súnmọ́ ibẹ̀. Bó bá ju wákàtí méjì àbọ̀ lọ, ẹ pín in sí dísìkì méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dẹ́rù bà yín bó bá pe dísìkì 4.7 GB ní 4.38, ọ̀nà tó ń gbà kà á ló yàtọ̀. Nínú àṣẹ yìí, gige.mov ni fídíò tí ẹ gé tán, tí ẹ gbé jáde láì fún un pọ̀:

ffmpeg -i gige.mov -target pal-dvd -b:v 6400k -b:a 192k -aspect 4:3 -flags +ildct+ilme setan.mpg

Ẹ gbé setan.mpg sínú DVDStyler láti ṣe mẹ́nù àti orí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé "Copy" ló wà fún fídíò náà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún un fún pọ̀, làálàá yín á sì di òfo. Ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde bí ISO, ẹ fi VLC wò ó láti mẹ́nù títí dé òpin, kí ẹ tó fi ImgBurn kọ ọ́ sórí dísìkì. 4x tàbí 8x ti tó. Ẹ jẹ́ kí Verify wà ní títàn, kó lè yẹ ohun tó kọ wò. DVD-R ló dáa fún ẹ̀rọ àtijọ́; DVD-RW kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà tó o, àwọn ẹ̀rọ kan kì í rí i rárá. Ẹ má lẹ ìwé mọ́ ojú dísìkì, bó bá ti ń yí, á máa gbọ̀n. Ẹ fi kálàmù dísìkì kọ orúkọ rẹ̀ sí àárín tó mọ́ gaara, kí ẹ sì tọ́jú odidi.mkv àti ISO náà sórí háàdì dísìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.