Ẹ má tíì sanwó ọkọ̀ ẹrù yẹn

Ẹni tó fẹ́ kúrò lẹ́nu wíwa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, tó fẹ́ ra tirẹ̀ l'Óṣogbo, owó ọkọ̀ nìkan ló sábà máa ń kó jọ. Bí gbogbo owó yín bá jẹ́ náírà mẹ́rin, ẹ má ná ju mẹ́ta lọ sórí ọkọ̀. Táyà, bátìrì àti ìwé ló máa jẹ èyí tó kù, wọn kì í sì í dúró kẹ́ ẹ pawó wọlé ná.

Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ wò ó, kí ẹni tó ń tà á má sì mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ gbọ́wọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa rí wàhálà tó ń ṣe láàárọ̀. Bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ púù púù, ríìngì písítìnnì inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Èéfín búlúù, ó ń jó ọ́ìlì. Dúdú, ẹ wo nọ́sù tó ń fín dísẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì àti àsẹ́ afẹ́fẹ́. Funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tó ti gbóná, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀. Bí ọ́ìlì bá dà bíi mílò oníwàrà, omi ti wọ inú ẹ̀. Ẹ máa lọ ilé yín.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà tuntun lára ṣáàsí, níbi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn, yẹ kó kọ yín lóminú: ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o ni wọ́n sábà máa ń fi bò.

Táyà tòkúnbọ̀ lè lójú dáadáa kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ti gan. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: 2219 ni ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2019. Lẹ́yìn, níbi tí táyà méjì ti wà pa pọ̀, bí ọ̀kan bá rọ̀, èkejì ló ń dá ẹrù gbé. Á gbóná, á sì bẹ́. Fífi igi lù ú kò sọ nǹkan kan, géèjì ni kẹ́ ẹ lò.

Fún búréèkì afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí géèjì afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ kún, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìwọ̀n tó kọ́kọ́ wálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, lórí tipà, bó bá fi ju 3 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ lójú géèjì) lọ sílẹ̀, ó ń jò. 4 ni ti tirélà. Ẹ máa tú omi inú táńkì afẹ́fẹ́ dànù lójoojúmọ́, torí òun ló ń ba fáàfù jẹ́.

Ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ọkọ̀ pípé, láísẹ́ǹsì tó bá irú ọkọ̀ náà mu, àti ohun tó ń dín eré kù tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń béèrè: ẹ rí gbogbo ẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Tó bá kan owó iṣẹ́, àlọ àti àbọ̀ ni ká ṣírò. Ká ní ọ̀nà 200 kìlómítà ni, tí ọkọ̀ ń jẹ lítà 40 dísẹ̀lì ní 100 kìlómítà pẹ̀lú ẹrù, 80 ni àlọ. Bó bá padà lófo, tó ń jẹ 30, ó di 140. Alágbàtà kì í rántí lítà 60 ti àbọ̀ yẹn bó bá ń dá iye lé e. Bí ẹ̀yin náà bá gbàgbé ẹ̀, àpò yín ló ti máa jáde.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ẹ ka ẹrù mọ́ wébìlì, ìwé tí wọ́n kọ iye ẹrù sí. 600 àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ tọ́ọ̀nù 30. Àpò tó bá dín nígbà tẹ́ ẹ bá dé, owó yín ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú ẹ̀.