Èébú tó wọ ìwọ̀n: chatu àwọn elédè Telugu

Akéwì Telugu tí ebi ń pa, tí ahun kan lé jáde, tàbí tí ojú rẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ lára obìnrin, chatu ló fi ń sọ ọ́. Ewì onílà 4 ni, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń ké e. Ẹnu dé ẹnu ló fi ń rìn kiri Andhra àti Telangana ní Íńdíà, kí Veturi Prabhakara Sastri tó kó ọ̀pọ̀ jọ sínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 20.

Èyí tó dùn jù lójú tèmi ni samasya. Ẹlòmíràn á gbé ìlà ìkẹyìn kalẹ̀, ìlà tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, akéwì á wá mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yí lẹ́tà kan padà.

Wọ́n ní àwọn ọ̀tá Tenali Ramakrishna, akéwì ààfin ọba Krishnadevaraya (ó jọba 1509–1529) ní Vijayanagara, ilẹ̀ ọba kan ní gúúsù Íńdíà, ti aṣọ́bodè sí i pẹ̀lú ìlà kan: ọ̀wọ́ erin wọ ọ̀fun ẹ̀fọn. Kandam ni ìwọ̀n rẹ̀. Sílébù kúkúrú jẹ́ ìlù kan. Èyí tó gùn, tàbí tí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ lé fáwẹ́lì rẹ̀, jẹ́ méjì. Ìlà 1 àti 3 gba ìlù 12, ìlà 2 àti 4 gba 20. Ibi tó le ni prasa: kọ́ńsónáǹtì sílébù kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà nínú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kunjara, erin, ti fi nj dè é lọ́wọ́. Ó fèsì:

Ganjayi tragi turakala
sanjatamu gudi kallu chavigonnava
lanjala kodaka! yekkada
kunjara yuthambu doma kuttuka jochchen

Ṣé igbó lo mu ni, àbí o bá àwọn Túrùkù da ẹmu sọ́fun? Ọmọ aṣẹ́wó! Níbo ni ọ̀wọ́ erin ti wọ ọ̀fun ẹ̀fọn?

Ganja, sanja, lanja, kunja. Ẹni tó bá fi vesya, orúkọ tó rọ̀ díẹ̀ fún aṣẹ́wó, rọ́pò lanja, ewì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: nj ti lọ. Yati náà tún wà ní ìlà 2 àti 4: sílébù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá èyí tó bẹ̀rẹ̀ ìṣísẹ̀ kẹrin dọ́gba (ìlù mẹ́rin ni ìṣísẹ̀ kan). Ku bá ku. Sa bá cha, torí òfin ka àwọn méjèèjì sí mọ̀lẹ́bí.

Ọba gbọ́, ó ní kó dá ìlà kan náà lóhùn fún òun. Ta ló máa pe kábíyèsí lọ́mọ aṣẹ́wó? Ranjana, bhanjanulai àti Sanjaya ló fi wọlé lọ́tẹ̀ yìí: àwọn Pandava inú Mahabharata, ewì ìtàn ńlá ilẹ̀ Íńdíà, ògbójú jagunjagun tó di ìránṣẹ́ láàfin ọba Virata, àwọn ni erin. Ààfin yẹn ni ẹ̀fọn.

Àwọn ashtavadhani, akéwì tó ń dá ọ̀pọ̀ oníbèérè lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣì ń ṣe samasya lójú agbo lónìí: oníbèérè 8, kò sí bébà, ìlà kan fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tó gba ewì, yíká lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọ̀kan nínú àwọn oníbèérè náà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa fi àwàdà já akéwì lẹ́nu, kó lè gbàgbé ibi tó dé.